Alága àti Òfin Garawa Kan

Ẹ mú ẹ̀rín yín mọ́nú ná. Ẹ̀rín ń bẹ níwájú, yóò sì kárí gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rín tirẹ̀ tán báyìí kò ní rí òmíràn rín nígbà tí òjò bá dé. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ńlá kan ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin tó tóbi lójú ara rẹ̀ débi pé bí ó bá sín, yóò dúró díẹ̀ kí àwọn tó yí i ká lè pàtẹ́wọ́.

Ayọ̀dèjì Ọládipúpọ̀ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ náà dára, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ọṣẹ Ìfọṣọ nílùú Ẹdẹ ni kò ti tó o mọ́. Ó pe Mansur, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ó ní kó jókòó, kó mú bíírò.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Alága wí. "Olóyè Àgbà, Alága Gbogbogbòò, Ayọ̀dèjì Ọládipúpọ̀, Olùgbèjà Odò, Ọ̀tá Ìdọ̀tí, Baba Aṣọ Funfun."

"Mo ti kọ ọ́, sà. Ṣé gbogbo rẹ̀ la ó máa kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà?"

"Gbogbo rẹ̀. Bí ìwé kò bá gbà á, kí ẹ wá ìwé tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tún wà. Láti òní lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu mi ni kí o máa kọ. Má fo ẹyọ kan. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò fẹ́ kà á."

Mansur kì í ṣe aláròyé. Ó ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì gbà pé ohun tí ọ̀gá bá ní kí òun kọ ni kí òun kọ. Ó wá ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú kan, ó bẹ̀rẹ̀. Bí Alága bá ní "ẹ káàárọ̀," Mansur á kọ ọ́. Bí ó bá wúkọ́, Mansur á kọ ọ́ pé Alága wúkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìwé ẹlẹ́yìn dúdú yìí, nítorí Alága gbàgbé rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà gan-an? Iṣẹ́ kékeré ni. Ọṣẹ lúbúlúbú tí à ń rà nínú ọ̀rá pélébé-pélébé ti sọ gọ́tà Ẹdẹ di ààtàn. Láti Owódé títí dé Òkè Gada, bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀rá ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ léfòó. Omi ìfọṣọ tó ń gba inú gọ́tà wọ odò Ọ̀ṣun sì ń hó létí odò bí ẹni pé ẹnì kan ń fọ odò náà. Ni àwọn kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi ní Òṣogbo bá kọ̀wé sí ìlú pé kí wọ́n yan ọṣẹ ìfọṣọ kan tí kì í ba omi jẹ́, tí kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀, kí gbogbo alágbàfọ̀ Ẹdẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ìyá àgbà mẹ́ta lè jókòó lórí àpótí kí wọ́n parí iṣẹ́ yìí kí ìrẹsì tó jinná. Oṣù mẹ́ta ni Alága fi yan àga tí òun yóò jókòó lé.

Àga náà ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Wọ́n wá àpótí sí i nísàlẹ̀. Bí ó bá sì ti wọlé ìpàdé, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n pariwo "Ìmọ́tótó dé!" lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Alága jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tún padà wọlé. Mansur kọ ìyẹn náà.

Ọṣẹ méjì péré ló dé iwájú wọn. David ló gbé àkọ́kọ́ wá. Àbúrò ìyàwó Alága ni David, kò fọ aṣọ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọṣẹ kan tó pè ní Òkìkí. Ìkejì ni ti Sìmbíátù, tí àwọn ará Òkè Gada mọ̀ sí Ìyá Naimat. Alágbàfọ̀ ni, ó sì ń se ọṣẹ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Eérú èèpo kòkó tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú Ara ló fi ń sè é, pẹ̀lú àdín. Kì í dì í sínú ọ̀rá. Abọ́ tàbí agolo ni oníbàárà ń mú wá, ẹni tí kò bá sì mú nǹkan wá, Sìmbíátù á fi ewé pọ́n ọn fún un. Kì í fi omi ṣòfò pẹ̀lú. Omi tó bá fi ṣan aṣọ funfun gbẹ̀yìn ni yóò fi rẹ aṣọ aláwọ̀, èyí tó bá kù á fi fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, òun ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ̀ pé aṣọ ti mọ́: kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú omi tí a fi ṣàn án. Bí ìfófó bá yọ, ọṣẹ ṣì wà lára aṣọ. Bí kò bá yọ, ó parí.

Wọ́n gbé ọpọ́n omi méjì síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n fi aṣọ ìnujú funfun méjì tí wọ́n ti fi epo pupa pa lára sínú wọn. Ọṣẹ Sìmbíátù hó díẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Ti David hó, ó kún ọpọ́n, ó bo orí tábìlì, ó dé orí ìwé Mansur, ó sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ Alága bí ẹni tó fẹ́ kí i.

"Háà!" ni Alága kígbe. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ọlá! Ẹ wo iyì!"

"Iyì!" ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ dá a lóhùn.

Ó yíjú sí Sìmbíátù. "Ìwọ obìnrin yìí, níbo ni ìfófó tìrẹ wà?"

"Ẹ má bínú sà, ìfófó kọ́ ló ń fọ aṣọ." Sìmbíátù fa aṣọ jáde, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó sì tẹ́ ẹ. Epo ti kúrò lára rẹ̀ pátá. "Ẹ fọwọ́ kàn án, sà. Ó mọ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ nípa ọṣẹ? Èmi tí mo ti ń wọ aṣọ funfun kí o tó mọ ojú omi?" Alága dìde lórí àpótí rẹ̀. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fetí sí ọgbọ́n. Ìfófó ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ọṣẹ tí kò hó dà bí alága tí kò sọ̀rọ̀: kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níjókòó. Mo yan Òkìkí! Mo yan án lónìí, mo yan án lọ́la, mo yan án fún àwọn ọmọ ọmọ wa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ó fi fọwọ́ sọ pé ó tó. Kò sí ẹni tó wo aṣọ David. Epo pupa ṣì wà lára rẹ̀ rekete.

Sìmbíátù gbé páálí Òkìkí kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rá wà nínú páálí, ọ̀rá kékeré mẹ́wàá tún wà nínú ọ̀rá ńlá, ọ̀rá mìíràn sì bo páálí lóde. Àwòrán Alága wà lára gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Sìmbíátù wí, "ṣebí ọ̀rá yìí gan-an ni wọ́n ní ká mú kúrò nílẹ̀?"

David ló dáhùn. "Àwọ̀ ewé ni ọ̀rá tiwa, Màmá. Ohun tó bá ti ní àwọ̀ ewé kì í ba nǹkan jẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ má bi mí bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Gbogbo ìgbìmọ̀ mi orí, wọ́n sì ní àlàyé náà jinlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n Alága tún ka lẹ́tà Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìfọṣọ má máa fi nǹkan ṣòfò. Ó ronú ìṣẹ́jú méjì. N kò mọ̀ pé ó ti ronú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Omi!" ló kígbe. "Omi ni wọ́n ń fi ṣòfò! Láti òní lọ, garawa omi kan ṣoṣo ni alágbàfọ̀ yóò máa lò fún aṣọ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agbádá ni o, ìpèlé ni o, garawa kan! Ẹni tó bá lo ìkejì, n ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Mansur, o kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, sà."

Sìmbíátù dìde. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. "Sà, ọṣẹ tó hó tó báyìí, garawa kan kò lè ṣàn án kúrò. Agbádá kan á gbà tó garawa mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ kí omi dín kù, ọṣẹ tí kò hó púpọ̀ ni kí ẹ mú."

"Mansur, kọ ọ́ pé obìnrin yìí ń bá òfin jà."

"Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí òun náà sọ, sà."

"Ó dára. Kọ gbogbo rẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni Alága fúnra rẹ̀ lọ sí Òkè Gada. Ó bá garawa mẹ́ta níwájú Sìmbíátù, ó sì lé e jáde. Ó fi àgádágodo ńlá ti ilẹ̀kùn, ó lẹ ìwé òfin garawa kan mọ́ ọn, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́rìnlélógún wà, wọ́n ti rẹ díẹ̀ nínú wọn sómi. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ tí àwọn ọmọ yóò wọlé ẹ̀kọ́ padà lọ́jọ́ Ajé. Ọdún méjìlá ni Sìmbíátù ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò pàdánù aṣọ ẹnikẹ́ni rí, kò sì dájọ́ fún oníbàárà kó yẹ̀ ẹ́ rí. Orúkọ rere yìí nìkan ló ní, òun ló sì fi ń tọ́ Naimat láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú.

"Sà, mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run. Kí ni kí n sọ fún àwọn ìyá ọmọ?"

"Sọ fún wọn pé wọ́n ń gbé láyé lásìkò ńlá," ni Alága wí, ó sì gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Inú bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìfilọ́lẹ̀ ọṣẹ Òkìkí bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Alága fẹ́ dúró níwájú gbogbo Ẹdẹ, kó sì wí pé: agbádá tó wà lọ́rùn mi yìí, Òkìkí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú garawa omi kan. Ó wá kù kí wọ́n fọ̀ ọ́. David ní ọwọ́ ń dun òun. Grace, ìyàwó Alága, tó ti ń fi Òkìkí àti garawa kan fọ gbogbo aṣọ ilé láti bí ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé ọkọ rẹ̀ pàṣẹ, sọ pé òun kò fọ agbádá kankan. "Gbogbo aṣọ ilé yìí ló ń yún mi lára," ló wí. "Ẹ lọ pe ẹni tó mọṣẹ́." Ọkọ rẹ̀ ní ara rẹ̀ ni kò gba ìlọsíwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Sìmbíátù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Alága jókòó sí àgbàlá, Mansur wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

"Bí o bá fọ aṣọ mi yìí bí mo ṣe wí," ni Alága sọ, "n ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ lójú gbogbo èrò ní Ọjọ́bọ̀. Bí o kò bá fọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn yẹn kò ní ṣí títí àwọn ọmọ yẹn á fi dàgbà ju aṣọ wọn lọ."

Kí ni kó ṣe? Ó gbà. Ó da Òkìkí sínú garawa, ó ki agbádá bọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́. Ìfófó náà dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò àti fi omi ṣàn án, kò sí omi mìíràn. Ó fún aṣọ náà sínú omi ọṣẹ kan náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú omi, ìfófó fò mọ́ ọn lójú.

"Sà, ọṣẹ ṣì kún ara aṣọ yìí. Kànga yín nìyí. Ẹ jẹ́ kí n fa omi díẹ̀ sí i."

"Bí o bá kan okùn kànga yẹn, o ti rú òfin."

"Ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ sójúde, sà. Bí omi bá kàn án ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ mi ni òfin. Sá a."

Ó sá a. Nígbà tí agbádá náà gbẹ, ó gan. Bí wọ́n ti lọ̀ ọ́ tán, ó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ọṣẹ ló gbẹ mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n Alága tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ké pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wo aṣọ gidi. "Ṣé o rí bó ṣe le? Iyì ló ń le bẹ́ẹ̀!" Grace wò ó, ó padà wọlé.

Ọjọ́bọ̀ dé. Pápá kan lọ́nà Akódà ni wọ́n lò. Wọ́n ta kánópì sórí àwọn àlejò, lára wọn ni Ìyáàfin Ọláyẹmí, ẹni tí wọ́n rán wá láti Òṣogbo láti wo ọṣẹ tí ìlú yàn. Ṣùgbọ́n Alága kò gbà kí wọ́n ta kánópì sórí pèpéle tirẹ̀. Ó ní oòrùn gbọ́dọ̀ tàn sí agbádá òun kí àwòrán lè mọ́ rekete.

David pín Òkìkí fún gbogbo èrò. Àwọn ènìyàn ya ọ̀rá òde, wọ́n ya ọ̀rá inú, wọ́n wo ẹ̀bùn wọn, wọ́n sì ju ọ̀rá sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kó o lọ sínú gọ́tà. Kó tó di ọ̀sán, ojú Alága ti kún gọ́tà náà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Alága gun pèpéle. Èrò pariwo "Ìmọ́tótó dé!" lẹ́ẹ̀mẹta, torí wọ́n ti ní ẹni tó bá pariwo jù yóò gba páálí kejì. Ó gba máìkì.

"Ẹ̀yin ará Ẹdẹ tí orí yín sunwọ̀n débi pé ẹ bí mi! Kí n tó dé, kí lẹ fi ń fọṣọ? Òkùnkùn! Lónìí, ìmọ́lẹ̀ dé! Ẹ wo agbádá yìí!" Ó ká apá ọ̀tún agbádá sí èjìká. Ẹ mọ bí àwọn olóyè ṣe ń ṣe é bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ wọn lẹ́nu. "Òkìkí la fi fọ̀ ọ́!" Ó ká apá òsì. "Garawa kan la lò!" Apá ọ̀tún ti yọ̀ wálẹ̀, ó tún ká a.

Ojúewé kọkànlá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Mansur sún mọ́ ọn.

"Sà, òjò ń bọ̀."

"Òjò kò gbọdọ̀ rọ̀ kí n tó parí. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mansur kọ ọ́. Kò tíì fi àmì sí òpin gbólóhùn náà tí òjò fi dé. Òjò àkọ́rọ̀ ni, irú èyí tí kì í bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó yẹ kí Alága sọ̀kalẹ̀. Ẹlòmíràn á ti sá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ kánópì kò lọ síbì kankan, wọ́n sì ń wò ó, ó wá rò pé ọ̀rọ̀ òun ló dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Ó gbóhùn sókè, ó ká apá agbádá sí èjìká, apá aṣọ sì fi ara gbo ara. Ohun funfun kan yọ lẹ́bàá ọrùn rẹ̀.

"Ìfófó ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ!" ló kígbe, ó tún ká apá kejì.

Èjìká méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bó ṣe ń ká agbádá ni ó ń fọ̀ ọ́ sára ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láìká agbádá. Ìfófó ṣàn gba àyà, ó bo ọwọ́, ó gun irùngbọ̀n. Ó ṣí ẹnu láti sọ pé "ọlá," ọṣẹ kó sí i lẹ́nu. Máìkì hó. Ẹnì kan nínú èrò ké pé, "Yéè! Alága ń hó o!" Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ mú ẹ̀rín mọ́nú, ẹ lè rín in báyìí. Gbogbo pápá rín in. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ gan-an rín in, wọ́n kàn ń fi fìlà bojú ni.

Gọ́tà kò rí ibi gbé omi gbà. Omi yà wọ pápá, ó gbé ọ̀rá bọ̀, ó gbé e dé ẹsẹ̀ àwọn àlejò. Ìyáàfin Ọláyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀rá kan lórí bàtà rẹ̀. Ó wo ojú tó wà lára ọ̀rá, ó wo ẹni tó wà lórí pèpéle, ó fi ọ̀rá náà sínú báàgì rẹ̀. Alága gbé ẹsẹ̀ kan láti sọ̀kalẹ̀. Ọṣẹ ti dé àtẹ̀gùn ṣáájú rẹ̀. Ó fi ìdí yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, agbádá bò ó lórí, ó sì jókòó sínú omi láàárín ogójì àwòrán ara rẹ̀. Kí òjò tó dá, fídíò rẹ̀ ti dé ìlú Awo àti ìlú Ara.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyáàfin Ọláyẹmí pe gbogbo wọn jọ. Kò sí ẹni tó dìde nígbà tí Alága wọlé. Ó gun àga gíga rẹ̀, ó ń họ ọrùn.

"Wọ́n ṣe mí ní jàǹbá ni," ló wí. "Sìmbíátù yìí ló fi nǹkan sí aṣọ mi, nítorí mo ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kí ẹ fi ọlọ́pàá mú un. Kí ṣọ́ọ̀bù yẹn wà ní títì títí láé."

Sìmbíátù dìde. Ó ronú kan Naimat, ó ronú kan aṣọ àwọn ọmọ tó wà nínú omi láti ọjọ́ yìí. "Màdáámù, mo sọ fún wọn. Ọlọ́run gbọ́ mi, mo sọ fún wọn."

"Ta ló gbọ́ ọ?" ni Alága bi í.

"Èmi, sà," ni Mansur wí.

Ó ṣí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú. Ó kà á bí ó ṣe ń ka gbogbo nǹkan, láìgbé ohùn sókè.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sìmbíátù ní, ‘Sà, ọṣẹ ṣì kún ara aṣọ yìí. Kànga yín nìyí. Ẹ jẹ́ kí n fa omi díẹ̀ sí i.’ Alága ní, ‘Bí o bá kan okùn kànga yẹn, o ti rú òfin.’ Sìmbíátù ní, ‘Ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ sójúde, sà. Bí omi bá kàn án ńkọ́?’ Alága ní, ‘Ọ̀rọ̀ mi ni òfin.’ Alága wúkọ́. Alága ní, ‘Sá a.’"

Alága sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kó sí àpótí. "Ta ló ní kó kọ ìyẹn?"

Mansur ṣí ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Ojúewé kìn-ín-ní, sà. ‘Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu mi ni kí o máa kọ. Má fo ẹyọ kan.’"

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Alága yìí kò dáa. David ti gba ẹ̀yìn jáde. Ìyáàfin Ọláyẹmí yọ ọ̀rá àwọ̀ ewé láti inú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, omi gọ́tà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ kì í ṣe alága mọ́, sà," ló wí. "Ọṣẹ Ìyá Naimat ni a mú. Ní ti ṣọ́ọ̀bù náà, ọwọ́ ara yín lẹ fi tì í. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi ṣí i kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la."

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fẹ́ kí n parí ẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọkùnrin náà ń yún un.

Kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó bọ́ agbádá, ó wọ bùbá, bùbá yún un. Ó wọ dàǹṣíkí, ó burú jù. Gbogbo aṣọ tó ní ni wọ́n ti fi Òkìkí àti garawa kan fọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe pàṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Grace kó wọn sínú àpò kan, ó gbé e síta. "Aṣọ wọ̀nyí kò ní wọ yàrá mi mọ́, àfi kí ẹni tó mọṣẹ́ fi omi ṣàn wọ́n."

Aṣọ kan ṣoṣo ni ọṣẹ náà kò tíì kàn, aṣọ agùnbánirọ̀ tí ó wọ̀ nígbà ọ̀dọ́. Bọ́tìnì rẹ̀ méjì péré ló ṣeé dì. Ó wọ̀ ọ́, ó gun ọ̀kadà pẹ̀lú àpò níwájú, ó dé Òkè Gada. Sìmbíátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá ọmọ sì wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí. Ó kúnlẹ̀ kí i, nítorí àgbà ni ọkùnrin náà ṣì jẹ́.

"Ìyá Naimat, gbà mí."

"Mo fẹ́ gbà yín, sà. Inú ilé ni kànga wà. Àgádágodo yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wá kọ́kọ́rọ́ lápò, kò sí níbẹ̀. Ó rántí pé àpò agbádá ni òun fi í sí ní Ọjọ́bọ̀, kí òun lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lójú èrò. Ó tú àpò aṣọ, ó ki ọwọ́ bọ agbádá tútù, ìfófó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kó tó rí i. Ó ṣí àgádágodo. Òórùn aṣọ tó ti pẹ́ jù nínú omi jáde sí wọn, ojú sì tì í. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Sìmbíátù kò tíì wọlé. Ó ń wo ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn. "Garawa kan, sà, àbí kí n lò ó bó ṣe yẹ?"

Ó fa ìwé náà ya. "Lò ó bó ṣe yẹ."

"Ó dáa. Ẹni karùndínlọ́gbọ̀n ni yín. Aṣọ àwọn ọmọ ló ṣáájú." Ó nawọ́ okùn kànga sí i. "Bí ẹ kò bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ lè bá wa fa omi."

Ó fa omi. Ọ̀tá Ìdọ̀tí, Baba Aṣọ Funfun, fa omi títí bọ́tìnì kejì fi já. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Nígbà tí oòrùn fi rọ̀, aṣọ ọmọ mẹ́rìnlélógún ti wà lórí okùn, wọ́n mọ́, wọ́n ń gbẹ fún ọjọ́ Ajé. Ìgbà yẹn ló wá kan agbádá.

Ní garawa kẹsàn-án, Sìmbíátù ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú omi. Ó gbá a. Ìfófó yọ, ó yí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Ó kù, sà," ni Sìmbíátù wí, ó sì gbé garawa lé e lọ́wọ́.